Ẹni Tó Pa Yàrá Kejì Dísìkì

Òkú náà kò ní ọgbẹ́. Kọ̀ǹpútà kan ni, ó jókòó sórí tábìlì, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, fáànù inú rẹ̀ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án tó wà níkùn rẹ̀ ti di àwátì.

"Dókítà Ẹ̀rọ, ẹ káàbọ̀," ni Ọ̀gá Àgbà wí. Òun ló ni ilé iṣẹ́ ayàwòrán ilé náà. Fọ́tò mẹ́rin ló gbé kọ́ ara ògiri. Mẹ́ta jẹ́ tirẹ̀. Ìkẹrin jẹ́ ti ilé kan, òun ló dúró síwájú rẹ̀.

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Dókítà Ẹ̀rọ gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kọ̀ǹpútà kẹfà rèé láti Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ lòní. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é torí kó lè kí i lásán.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?"

"Èmi ni, mà," akọ̀wé dáhùn. "Mo tan án láàárọ̀ yìí, ló bá ní òun ò mọ yàrá kejì mọ́. Ó wá ń bi mí bóyá kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí òun tún un ṣe."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo sá, mà."

"O káre. Ẹlòmíì á ti ní bẹ́ẹ̀ ni."

Dísìkì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n pín in bí ilé oníyàrá méjì. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń gbé yàrá kìíní. Yàrá kejì ni gbogbo àwòrán ilé iṣẹ́ wà, títí kan ti ilé ìgbẹ̀bí ńlá kan tí àwọn tó ni ín ń bọ̀ wá gbà lọ́la.

"A ti mọ ẹni tó ṣe é," Ọ̀gá Àgbà wí. Ó na bébà kan sókè. "Ìyá onígbálẹ̀ ni. Àràárọ̀ ló ń yọ wáyà kọ̀ǹpútà, kó lè ki ti ẹ̀rọ tó fi ń dán ilẹ̀ bọ ojú iná. Lẹ́tà ìlékúrò rẹ̀ rèé. Tó bá di aago mẹ́rin, kó kẹ́rù jáde nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé wa."

Ìyá arúgbó náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbé yàrá ọ̀hún, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò sí yàrá mìíràn tí wọ́n ní.

"Ìyá, ṣé ẹ yọ wáyà náà lóòótọ́?"

"Mo yọ ọ́, ọmọ mi. Iná rẹ̀ ti kú kí n tó yọ ọ́. Tí mo bá purọ́, kí ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi yìí..."

"Ẹ má fi ìgbálẹ̀ búra, ìyá. Ẹ lọ jókòó."

Dókítà Ẹ̀rọ kò tíì tún ohunkóhun ṣe. Ó so dísìkì òfìfo kan mọ́ aláìsàn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo inú rẹ̀ kọ, bó ṣe wà gan-an. Ara ẹ̀dà yẹn ni yóò ti ṣiṣẹ́. Tó bá ṣèèṣì, ẹ̀dà ni yóò bàjẹ́. Ó máa gbà tó wákàtí méjì. Ó fi wákàtí méjì náà béèrè ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀dà ìpamọ́ yín ńkọ́?"

Ọ̀gá Àgbà wú bíi búrẹ́dì inú omi. "Gbogbo Ọjọ́ Ẹtì là ń ṣe é. Inú kọ́bọ́ọ̀dù mi ni mo ń tì í mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mú nǹkan níbẹ̀ á kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé àṣìṣe: orúkọ rẹ̀, ohun tó bà jẹ́, àti bó ṣe bà á jẹ́. Mo máa ń kà á sókè nípàdé Ọjọ́ Ajé."

"Sókè?"

"Kí wọ́n lè kọ́gbọ́n."

Dókítà Ẹ̀rọ ṣí ìwé náà wò. Orúkọ akọ̀wé wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ti Ọ̀gá Àgbà kò sí níbẹ̀, torí òun kì í tan kọ̀ǹpútà. Ti Bàbá Rẹ́gí, olórí ayàwòrán wọn, náà kò sí níbẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyá onígbálẹ̀, àwọn mẹ́ta yìí nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

"Mo gbọ́ pé ìwọ àti ọ̀gá rẹ jà lọ́sẹ̀ yìí," ó wí fún akọ̀wé.

"A jà, mà. Ó ka orúkọ mi lẹ́ẹ̀kẹrìnlá. Mo ní kó kúkú fi orin sí i."

"Ìbínú lè mú ọ ba kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́."

"Kí n wá tún gbogbo lẹ́tà tẹ̀? Ẹ wò mí dáadáa, mà. Ṣé mo jọ ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́?" Ó ní aago mẹ́rin àbọ̀ lòun kúrò lánàá.

Ọ̀gá Àgbà ní ọ̀dọ̀ ayàfọ́tò lòun wà láti ọ̀sán àná. Dókítà Ẹ̀rọ wo ògiri. Lóòótọ́, àyè ṣì kù.

Ó wá kan Bàbá Rẹ́gí. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ torí pé ibi tó bá fi ilẹ̀kùn sí, rẹ́gí ni. Ìlà rẹ̀ kì í yẹ̀. Ọdún méjìlélógún rèé tó ti wà níbẹ̀.

"Aago márùn-ún gẹ́lẹ́ ni mo jáde lánàá," ó wí. "Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn dùn mí, àmọ́ kí la fẹ́ ṣe? Ó ti hàn lójú yín pé ó rẹ̀ yín, dókítà. Ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ nu dísìkì nù, ẹ da ẹ̀dà Ọjọ́ Ẹtì padà sí i, ó parí."

"Iṣẹ́ tí ẹ ṣe láti Ọjọ́ Ajé ńkọ́?"

"Àá tún un ṣe. Iṣẹ́ kì í pani."

Nígbà tí ẹ̀dà parí, Dókítà Ẹ̀rọ yẹ ibi tí yàrá kejì ti bẹ̀rẹ̀ wò. Ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀, èyí tó ń sọ ibi tí nǹkan wà fún kọ̀ǹpútà, ti di òdo látòkè délẹ̀. Òdo, òdo, òdo. Ojú ewé tó tẹ̀ lé e wà digbí. Iná tó lọ lójijì kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló nu ún.

"Ìyá, ta ló kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kọ òdo sínú dísìkì?"

"Kí ló ń jẹ́ dísìkì, ọmọ mi?"

Àmọ́ ẹni tó nu ún mọ iwájú, kò mọ ẹ̀yìn. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ máa ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ewé yẹn sí ìparí ara rẹ̀ pátápátá. Ó lọ wò ó níbẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é.

Ó pe gbogbo wọn jọ.

"Mo lè ṣí yàrá kejì. Gbogbo nǹkan á padà, bó ṣe wà gan-an nírọ̀lẹ́ àná."

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Àgbà ní òun mọ̀ pé ẹni tí òun bá pè kò ní já òun kulẹ̀. Bàbá Rẹ́gí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo nǹkan?"

"Gbogbo rẹ̀, bàbá."

"Ṣé kò léwu? Ti Ọjọ́ Ẹtì yẹn dáa."

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta yín ṣòfò, ẹ ò sunkún. Mo ní ẹ ó rí i gbà padà, ojú yín wá fà ro."

Ó da ojú ewé tó wà lẹ́yìn kọ sí iwájú. Yàrá náà ṣí. Ó ṣí àwòrán ilé ìgbẹ̀bí.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ilé ìgbẹ̀bí oníbẹ́ẹ̀dì ọgọ́ta ti di ṣáláńgá oníhò méjì tí wọ́n fẹ́ kọ́ sẹ́yìn ilé epo kan.

"Wọ́n fi èyí pa mọ́ lánàá," Dókítà Ẹ̀rọ wí, "ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì. Akọ̀wé ti lọ. Ọ̀gá yín kì í tan kọ̀ǹpútà. Bàbá Rẹ́gí, ta ló ya ṣáláńgá yìí?"

Bàbá Rẹ́gí sún mọ́ tábìlì, ó wo ṣáláńgá náà.

"Ìlà rẹ̀ ṣáà tọ́," ó wí.

"Ó tọ́, sà."

"Mo ṣí ti ilé ìgbẹ̀bí kí n lè lo férémù etí rẹ̀. Mo pa inú rẹ̀ rẹ́, mo ya tuntun, mo gbàgbé láti yí orúkọ rẹ̀ padà. Mo fi pa mọ́. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, ìka kan péré." Ó mí kanlẹ̀. "Fílàṣì kan wà lọ́wọ́ mi tí ọmọ àbúrò mi fi ń nu dísìkì àtijọ́. Òun ni mo fi tan kọ̀ǹpútà. Ojú ewé kan péré ni mo nù. Mo mọ̀ pé tí gbogbo rẹ̀ bá bàjẹ́, wọn ò ní bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kàn gbé ti Ọjọ́ Ẹtì jáde."

"Ẹ̀ bá kúkú béèrè rẹ̀."

"Kí n kọ orúkọ mi sínú ìwé yẹn? Kí wọ́n kà á sókè pé Rẹ́gí sọ ilé ìgbẹ̀bí di ṣáláńgá?"

"Ẹ wá fẹ́ kí wọ́n lé ìyá síta?"

"Mo rò pé ìtìjú ti mọ́ ọn lára. Kò tíì mọ́ èmi lára."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Dókítà Ẹ̀rọ mú àwòrán ilé ìgbẹ̀bí nìkan látinú ẹ̀dà Ọjọ́ Ẹtì, ó fi sáyè rẹ̀. Ìyókù kò nílò àtúnṣe.

Ọ̀gá Àgbà tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Kò sí ẹlòmíì tó lè ya ilé níbẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Bàbá, ẹ lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún yín." Ó ká lẹ́tà ìyá onígbálẹ̀, ó fẹ́ fi sápò.

"Ẹ fà á ya, sà," Dókítà Ẹ̀rọ wí.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ṣeé kọ nǹkan sí."

"Ẹ ṣáà fà á ya."

Ó fà á ya.

Bàbá Rẹ́gí rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìyá arúgbó náà jókòó sí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀.

Ìyá gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ dìde," ó wí. "N ò tíì gbálẹ̀ ibẹ̀ yẹn."