Jí Mi Tí A Bá Dé

Ohùn obìnrin kan ló jí ọmọkùnrin náà lórí àga bọ́ọ̀sì, ohùn tó tutù, tó sì dùn, tó ń bá awakọ̀ wí bí olùkọ́ ṣe ń bá ọmọ ilé-ìwé wí. Nígbà tó lajú, bọ́ọ̀sì ti ṣófo. Wọ́n ti dé òpin ọ̀nà, ibi tó ń lọ sì ti wà lẹ́yìn tipẹ́tipẹ́.

Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì nínú aṣọ aláwọ̀ ewé, ó gborí sókè, ó fi ọ̀pá funfun kan há abíyá. Kì í ṣe ojú awakọ̀ ló ń wò, òkè orí awakọ̀ ni. Ìgbà náà ni ọmọkùnrin náà mọ̀ pé kò ríran.

"Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ fún mi tí a bá dé ilé ìwòsàn," ni obìnrin náà ń wí. "Ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀. Mo sì fọkàn balẹ̀ o. Ìfọ̀kànbalẹ̀ náà ló gbé mi dé ibí."

Awakọ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Èrò ló pọ̀, ó gbàgbé ni, kí wọ́n má bínú, òun á gbé wọn padà lọ́fẹ̀ẹ́.

"Èmi náà ti kọjá ibi tí mò ń lọ," ni ọmọkùnrin náà sọ láti ẹ̀yìn.

Obìnrin náà yíjú sí i. "Ṣé ẹ̀yin náà kò ríran ni?"

"Mo ríran. Oorun ló gbé mi lọ." Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó sọ ìyókù. "Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé mò ń ṣe áàpù kan tó yẹ kó máa jí èèyàn tó bá ku díẹ̀ kí bọ́ọ̀sì dé ibi tó ń lọ. Mo ní kí n dán an wò láàárọ̀ yìí. Èmi àti áàpù la jọ sùn."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin bọ́ọ̀sì mú kó má baà ṣubú, awakọ̀ náà sì bá a rẹ́rìn-ín nítorí ó rí i pé ìbínú ti lọ. Lójijì ni obìnrin náà dá ẹ̀rín dúró.

"Ẹ dúró ná. Áàpù tó mọ ibi tí bọ́ọ̀sì dé? Tó lè sọ ọ́ fún èèyàn? Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ó jókòó tì í. Ọmọkùnrin náà fi áàpù náà sórí fóònù obìnrin náà, fóònù tó máa ń ka gbogbo ohun tó bá wà lójú rẹ̀ síta. Obìnrin náà fi ìka kan ojú fóònù níbí, ó kàn án lọ́hùn-ún.

"Bọ́tìnnì," ni fóònù wí. "Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì."

"Kí ni gbogbo bọ́tìnnì wọ̀nyí ń ṣe?"

"Àwòrán ni mo yà sí wọn. Àkọ́kọ́ yẹn, àkùkọ ni."

"Àkùkọ yín kò kọ o, bọ̀dá. Ẹ fún un lórúkọ."

Bí wọ́n ṣe mọra nìyẹn.

Ọmọkùnrin náà ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ kó lè dá áàpù tirẹ̀ ṣe. Kò ní ọ̀gá, kò ní ẹlẹgbẹ́. Yàrá ẹ̀yìn nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, kọ̀ǹpútà kan lórí tábìlì, aṣọ ìsùn lọ́rùn títí di ọ̀sán. "Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ máa ń jáde nílé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń sọ. "Iṣẹ́ tìrẹ ló ń wá bá ọ lórí ibùsùn." Ó pe áàpù náà ní Jí Mi. Bó bá tún ibì kan ṣe, ibòmíràn á bàjẹ́, kò sì sí ẹni tó lè bi léèrè.

Ní báyìí, ó ti rí ẹni tó lè bi. Yàrá ìpè ilé ìwòsàn ńlá ni ọmọbìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń dá gbogbo ẹni tó bá pe ilé ìwòsàn náà lóhùn, àwọn tí ẹ̀rù ń bà sì máa ń farabalẹ̀ tí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n jọ ń wọ bọ́ọ̀sì láti dán áàpù wò. Bí Jí Mi bá tètè ké, ọmọbìnrin náà á ní, "Ó ti ń bẹ̀rù." Bó bá pẹ́ kó tó ké, á ní, "Ó jọ ẹni tó bí i." Ó sọ ọmọkùnrin náà ní Olóorun. Ọmọkùnrin náà pe ọmọbìnrin náà ní Olóhùn-Iyọ̀. Ọ̀rọ̀ "ẹ" di "o" láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tó yí padà.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Olóorun sáré fà á lọ́wọ́ kó má baà tẹ omi. Ọmọbìnrin náà dúró gbọin.

"Má fà mí. Èmi ni màá di apá rẹ mú, ìwọ á kàn máa rìn."

"Báwo ni màá ṣe máa rìn?"

"Bí ẹni tí kò yára láti pínyà."

Ó dì í mú, wọ́n sì rìn gba inú òjò náà lọ. Nígbà tí Olóorun délé, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kò lè tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú wò ó, ó rí bó ṣe ń dá rẹ́rìn-ín, ó pa ilẹ̀kùn dé jẹ́ẹ́jẹ́.

Ilé ìtajà áàpù ló kọ́kọ́ dá wọn dúró. Wọ́n dá Jí Mi padà, wọ́n ní kí ló dé tí áàpù yìí fi fẹ́ mọ ibi tí èèyàn wà nígbà tí fóònù wà nínú àpò. Olóorun ṣàlàyé títí, wọ́n tún dá a padà. Orí rẹ̀ gbóná.

"Àlàyé rẹ ti pọ̀ jù," ni Olóhùn-Iyọ̀ wí. "Ya fídíò mi nígbà tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, kí wọ́n fojú ara wọn rí i."

Ó yà á. Ọmọbìnrin náà wọkọ̀, ó fi fóònù sínú báàgì, Jí Mi ké, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kan pátákó ilé ìwòsàn, ó sì yíjú sí fídíò pé, "Ìdí rẹ̀ nìyí." Wọ́n fọwọ́ sí i.

Inú wọn dùn, ẹsẹ̀ wọn kò fẹ́ẹ̀ kanlẹ̀. Olóhùn-Iyọ̀ ròyìn áàpù náà fún gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò ríran, àwọn náà ròyìn fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìràwọ̀ kan, ìràwọ̀ kan péré nínú márùn-ún, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé látọ̀dọ̀ àwọn tó ń lò ó. *Kò ké. Ó gbé mi kọjá. Iṣẹ́ ọmọdé.* Olóorun wá àṣìṣe náà títí, kò rí i. Lórí fóònù tirẹ̀, áàpù náà kò ní wàhálà kankan.

Ibi tí Olóhùn-Iyọ̀ ti ń lọ ṣe ìdánwò ẹnu fún ipò olórí yàrá ìpè ni Jí Mi ti já òun náà kulẹ̀. Àpò rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó sọ̀ síbi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe, ó ṣubú sí kòtò, orúnkún rẹ̀ bó, ìdánwò sì kọjá. Ìyá rẹ̀ ló lọ gbé e.

Aránṣọ ni ìyá náà, obìnrin tí kì í pariwo. Kò tilẹ̀ jókòó nígbà tó dé ilé ẹ̀gbọ́n Olóorun.

"Ọmọ mi kì í ṣe ohun tí wàá máa fi dán iṣẹ́ wò," ni ó wí. "Láti kékeré ni mo ti jẹ́ ojú fún un. Ìwọ tí o kò tíì ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, kí lo fẹ́ jẹ́ fún un? Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀."

Bí màmá náà ṣe jáde, Olóorun yọ Jí Mi kúrò nílé ìtajà. Ó lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ pé kó gba òun padà, ọ̀gá náà sì gbà á. Olóhùn-Iyọ̀ pè é, kò gbé e. Ó tún pè, Olóorun da fóònù dojú bolẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Olóhùn-Iyọ̀ ló dúró síbẹ̀, báńdéèjì lórúnkún. Gbogbo òṣìṣẹ́ yíjú sí i.

"Ta lo bi kó o tó yọ ọ́?"

"O ṣubú. Àwọn ìgbìmọ̀ ìdánwò yẹn dúró dè ọ́ títí—"

"Èmi ni mo ṣubú, ṣé ìwọ ni? Mo ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti fún mi lọ́jọ́ mìíràn. Orúnkún ló bó, á jiná. Ṣùgbọ́n ìwọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi màmá mi. O jókòó síbì kan, o bá mi pinnu ohun tí mo lè fara dà." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bí o kò bá nífẹ̀ẹ́ mi mọ́, sọ ọ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò dùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mò ń gbọ́ irú rẹ̀ nídìí iṣẹ́ mi."

Olóorun dìde. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ débi pé ẹ̀rù ń bà mí."

"Kí ẹ̀rù máa bà ọ́ nítòsí mi nígbà náà. Jókòó, mo ní nǹkan sọ. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo bá gbọ́ rédíò lórí fóònù mi nínú bọ́ọ̀sì, Jí Mi kì í sùn. Ọjọ́ tí mo bá pa rédíò ló ń sùn. Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi, bákan náà ni tiwọn."

Ọmọkùnrin náà la ẹnu, kò sì lè pa á dé. Fóònù wọn ló ń pa áàpù náà! Bí àwọn fóònù náà kò bá ti gbọ́ ohùn kankan fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á rò pé áàpù náà kò níṣẹ́ ṣe, wọ́n á pa á kí bátìrì má baà tán. Fóònù tirẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi rí i.

"Á jẹ́ pé kò gbọdọ̀ dákẹ́ nìyẹn," ni ó wí. "Kó máa sọ̀rọ̀. Kó máa pe orúkọ gbogbo ibi tí bọ́ọ̀sì bá ń kọjá."

"Ohùn ta ni á máa fi pè é?"

Olóorun kò dáhùn. Ó kàn ń wò ó. Ọmọbìnrin náà gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó sì rẹ́rìn-ín.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ti gba ohùn náà sílẹ̀, nítorí pé aṣọ máa ń gbé ariwo mì. Olóhùn-Iyọ̀ jókòó sáàárín kóòtù àti ìró, ó ń pe orúkọ ibùdókọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Olóorun kúnlẹ̀ síta, ó na ẹ̀rọ sí i. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ mú aṣọ, á kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, rédíò, ẹ bá mi mú búláòsì mi."

Wọ́n gbé Jí Mi jáde lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá Olóhùn-Iyọ̀ ní òun fúnra òun lòun máa dán an wò.

Ó yan ọ̀nà tí kò gbà rí, ó ní ilé ìkàwé lòun ń lọ. Ó ní kí àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn kí wọ́n má sì sọ ohun kankan. Ó mú ìborùn rẹ̀, ó fi di ojú ara rẹ̀ gírígírí, ó sì di àga iwájú mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ.

Bọ́ọ̀sì gbéra. "Ilé-ẹjọ́," ni ohùn ọmọ rẹ̀ wí nínú àpò rẹ̀. "Ó kan ilé ìfìwéránṣẹ́."

Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Màmá, kí ló ṣe yín lójú?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ọmọ mi ń sọ."

Olóhùn-Iyọ̀ di ọwọ́ Olóorun mú títí ìka fi ń dùn ún. Bọ́ọ̀sì yà, ó dúró, ó tún gbéra.

"Ó ti ku díẹ̀ kí ẹ sọ̀. Ilé ìkàwé. A ti dé."

Màmá dìde. Ó ń fọwọ́ wá irin, ó rí i, ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó sọ èkejì. Nígbà tó tú ìborùn, iwájú ilé ìkàwé gan-an ló wà, ìborùn náà sì ti tutù fún omijé.

"Ṣé báyìí lo ṣe ń rìn lójoojúmọ́?" ni ó bi ọmọ rẹ̀.

"Báyìí ni, Màmá."

"Ẹ̀rù kì í bà ọ́?"

"Ó ń bà mí. Mo kàn máa ń lọ bẹ́ẹ̀ náà ni."

Ìyá gbá a mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Olóorun, ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.

"Dìde, aṣọ rẹ á dọ̀tí. Iṣẹ́ gidi ni. Sọ fún áàpù yẹn kó má máa yára sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

"Mà, ọmọ yín ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe áàpù."

"Mo mọ̀," ni màmá wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Kò sí bí màá ṣe wí tó, kì í gbọ́."

Ìràwọ̀ márùn-ún, ìràwọ̀ márùn-ún ló tún ń wọlé báyìí. Àwọn tó ríran pàápàá ń lò ó, wọ́n ní ohùn náà ń tù wọ́n lára. Ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí Olóorun pé àwọn fẹ́ fi ohùn yẹn sínú gbogbo ọkọ̀ àwọn, ó sì kí ọ̀gá rẹ̀ pé ó dàbọ̀. Olóhùn-Iyọ̀ padà ṣe ìdánwò ẹnu rẹ̀, ó di olórí yàrá ìpè. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n sọ fún un, níwájú ilé ìwòsàn, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde, Olóorun di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Fẹ́ mi," ni ó wí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ sórí ti fò lọ.

"Ó tó àkókò kó o sọ ọ́," ni ọmọbìnrin náà dáhùn. "Mo gbà. Mo ti gbà tipẹ́."

Yàrá kékeré kan ní ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, òdòdó lórí tábìlì, àwọn ọ̀rẹ́ wọn kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé na bírò sí ìyàwó, ó sì fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú kó bá a tọ́ ọ lórí ìwé.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn. "Ó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ."

Ìyàwó fi ìka wá ojú ìlà, ó sì kọ ọ́, gbòòrò, gbọnrangandan, láìgbọ̀n. Ọkọ gba bírò. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n débi pé akọ̀wé wo ìwé náà títí, ó wò ó lójú, ó ní kó jọ̀wọ́ kó tún tirẹ̀ kọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ hó yèè, gbogbo yàrá gbà á, ó sì tún un kọ pẹ̀lú ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ létí rẹ̀.