Ohùn Tó Ṣìnà Nínú Díìsìkì

Ẹ má pè é ní àlọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí Fọlárìn ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ṣì wà ní Jakande, ní Ìsọlọ̀, ẹ lè lọ wò ó. Ẹ má sáà bi í bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àrìnkẹ́ ló gbé díìsìkì kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú ló wà nínú rẹ̀, níbi tó ti ń fi oríkì jí i. Kò sí níbòmíràn.

"Ẹ bá mi kó o sórí fóònù, bọ̀ọ̀dá. Tí iná bá wá lọ ńkọ́? Ẹ ò ní so bátìrì mọ́ ọn?"

"Bátìrì kẹ̀?" Fọlárìn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Iná mọ̀ mí. Tó bá fẹ́ lọ, á tọrọ àyè."

Kò ṣe ẹ̀dà. Ńṣe ló ń kó gbogbo rẹ̀ jáde pátápátá, kó lè yá.

Iná ò tọrọ àyè. Fáànù rọra dákẹ́. Díìsìkì náà dún kọ́, ó pa rọ́rọ́.

Nígbà tí iná dé, orúkọ àwọn fáìlì ti di àmì játijàti. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣí. Obìnrin kan wúkọ́ nínú rẹ̀.

"Àjàmú. Àjàmú ọkọ mi. Dìde, ilẹ̀ ti mọ́."

"Èyí kì í ṣe màámi," Àrìnkẹ́ ní. "Ta ni Àjàmú?"

Fọlárìn gbójú sókè. Oríkì tirẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n ní Ìsọlọ̀. Ìyá rẹ̀ kú sí Ìkẹ́rẹ́ nígbà tó wà ní kékeré. Kò sẹ́ni tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rí. Síbẹ̀, ó ń gbọ́ ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ohùn náà, ìgbálẹ̀ àgbàlá wọn. Òórùn èéfín igi gba ṣọ́ọ̀bù kan.

"Màámi ni," ó ní.

Àrìnkẹ́ wá ibi jókòó sí. "Tó bá jẹ́ pé tiyín ló wà níbí, bọ̀ọ̀dá, ta ni tèmi ń jí báyìí?"

Fọlárìn yí padà sí kọ̀ǹpútà. Ó mọ ohun tó kù: kó ní kí kọ̀ǹpútà tún díìsìkì náà tò. Ohun tó ṣìnà lè padà sáyè rẹ̀. Èyí tí kò láyè níbẹ̀ á parẹ́.

Ó jẹ́ kí ohùn náà pe Àjàmú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá ní kí kọ̀ǹpútà tún un tò.

Ohùn ìyá Àrìnkẹ́ padà, kò dín rárá. Ọmọ náà sunkún, ó dúpẹ́, ó lọ.

Fọlárìn jókòó. Ó rántí ìgbálẹ̀. Ó rántí èéfín. Ó rántí ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lórí ẹní, tí ètè rẹ̀ ń mì.

Kò gbọ́ ohun tó ń pè é mọ́.