Ọjà Tí Ọ̀gá Hezekiah Ní Ó Ń Ná

Fọ́ọ́! Yéèpà!

Kíréètì ẹyin bí ogún ló dà wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ibùdó ẹyin tó wà lẹ́bàá títì ní Ẹgbẹ́dá. Ọ̀sán gangan ni o! Àwọn oníbàárà ṣì ń dúró de ẹyin, àwọn ọlọ́ṣà mẹ́ta ti já wọlé bí ẹni tó wá gba ogún bàbá rẹ̀.

"Ẹ dojú bolẹ̀! Ẹni tó bá gbórí sókè, orí náà ló máa fi san án!"

Gbò! Gbò! Ọta lu páànù òrùlé, gbogbo ilé mì tìtì.

Tósìn ni olórí wọn. Ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń pè é nígboro, torí ó ní kò sí ọmọ ìyá ẹni tó lè fi okùn so afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó kó owó wọn tán, ó fa Kifayah, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, ní híjáàbù.

"Arẹwà, ìwọ ni ìwé ìrìnnà wa lónìí! Wọ mọ́tò!"

Fùùùù! Kòrólà dúdú wọn fò jáde, ó ń tú eruku.

Sájẹ́ǹtì Gàfárù ló ń wa mọ́tò ọlọ́pàá tó wà ní ìkóríta lọ́jọ́ náà, Kọ́ńsítébù Olúwadọ̀tun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí Kòrólà yẹn ṣe kọjá, Gàfárù tẹ iná mọ́lẹ̀.

Wíí-wọ̀ọ́! Wíí-wọ̀ọ́!

"Ọ̀gá, Gàfárù ni o! A ti rí wọn! Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan dání, wọ́n ti yà sí ọ̀nà oko Agbándùn."

"Mo gbọ́ ẹ," ni ohùn kan dáhùn nínú rédíò. "Tẹ̀ lé wọn, má yìnbọn. Mo wà pẹ̀lú ẹ."

Ìnsípẹ́kítọ̀ Hezekiah nìyẹn, alábòójútó tó jókòó sí tésàn. Kí ẹ tó máa bi mí pé kí ni ẹni tó jókòó sórí àga ń wá nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lé olè, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín.

Lọ́dún tó kọjá, mọ́tò ọlọ́pàá kan ń lé olè lọ ní Olódò, ó lọ kọ lu ìyá alákàrà kan. Ìyá yẹn kú tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. Látìgbà náà ni wọ́n ti ṣòfin: awakọ̀ kankan ò gbọdọ̀ dá lé ọlọ́ṣà mọ́. Ọ̀gá kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu rédíò. Tó bá ní kó o padà, o máa pa fèrè, o máa padà, kò sí àríyànjiyàn. Ọ̀gá náà sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí, torí oríléeṣẹ́ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń gbà á sílẹ̀.

Gàfárù fẹ́ràn òfin yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi gbé ìyá alákàrà kúrò lójú títì.

Ó sì fẹ́ràn Hezekiah ju òfin lọ. Lọ́jọ́ tí bàbá Gàfárù kú, Hezekiah, alàgbà ìjọ Kérúbù, ló bọ́ bàtà, tó dúró tì í láàárín àwọn Mùsùlùmí títí wọ́n fi bo sàréè. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ló ń pè é tí wọn ò bá sí níbi iṣẹ́.

Eré di eré! Ewé ẹ̀gẹ́ ń gbá ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, pá-pá-pá! Gàfárù ń sún mọ́ wọn. Ó ti ń rí ọwọ́ Kifayah tó ń jù láti ojú fèrèsé, ó ń gbọ́ igbe rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí!"

Rédíò sì dún.

"Gàfárù, padà!"

"Ọ̀gá?"

"Ọjà Agbándùn ń ná lónìí. Èrò kún ojú ọ̀nà, o máa pa èèyàn. Pa fèrè, kó o padà!"

Ẹsẹ̀ Gàfárù ti tẹ búréèkì kí ọpọlọ rẹ̀ tó débẹ̀. Kẹrrr! Fèrè dákẹ́. Kòrólà wọ inú eruku lọ.

Àfi bí ẹni tí wọ́n gbá létí! Ọjà Agbándùn? Ọjà ọrọọrún ni, ìyá Gàfárù sì ń ta gaàrí níbẹ̀. Àná ló fi ọ̀kadà gbé ìyá náà délé.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, àná lọjà ná."

"Mọ́ńdè ló ná kẹ́yìn! Ọjọ́ márùn-ún lé Mọ́ńdè, Sátidé òní nìyẹn! Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìṣirò?"

Háà! Ọmọ Yorùbá wo ló ń ka ọrún báyẹn? Ọjọ́ tí ọjà ná gan-an la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà. Fráìdè ló pé. Ṣùgbọ́n bárékè ní Kàdúná ni Hezekiah dàgbà sí, kàlẹ́ńdà ló fi ń ka ọjà ọlọ́jà.

Inú Gàfárù tiẹ̀ dùn díẹ̀. Ọ̀gá ṣì í kà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún kọrí mọ́tò sí ọ̀nà Agbándùn.

Olúwadọ̀tun kò fara mọ́ ọn. "Sájẹ́ǹtì, wọ́n ti ní ká padà o. Wọ́n lè gba aṣọ lọ́rùn wa."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tá a bá padà, ọmọ yẹn ti lọ nìyẹn. Eré ni òfin ń sá fún, Dọ̀tun. A ò ní sáré."

Wọ́n ń rọra lọ, jẹ́jẹ́, bí ọkọ̀ ìyàwó. Nígbà tí wọ́n dé ọjà Agbándùn, gbogbo àtíbàbà ṣófo. Àwọn ewúrẹ́ nìkan ló ń ná ọjà, àwọn náà ò sì ra nǹkan kan.

Afárá odò ló kù níwájú. Wọ́n gbé mọ́tò pa mọ́ sábẹ́ igi kòkó, wọ́n fẹsẹ̀ yọ́ lọ. Kòrólà rèé! Ọ̀kan nínú wọn ń tú nọ́ńbà mọ́tò, èkejì na ìbọn sí Kifayah. Tósìn jókòó sórí ògiri afárá, ó ń mu pió wọ́tà.

"Ẹ fara balẹ̀ tú u jàre! Ta ló ń lé wa? Wọ́n ti dá wọn padà!"

Gàfárù wo Olúwadọ̀tun lójú. Ta ló sọ fún un pé wọ́n dá àwọn padà?

"Ọwọ́ sókè!"

Kifayah dojú bolẹ̀ gbalaja. Tósìn fò dìde, ó ya ẹ̀wù rẹ̀, ìfúnpá dúdú hàn lápá rẹ̀.

"Èmi Ẹ̀fúùfù! Ayẹta rèé, ọta kì í wọ̀ mí! Yìn ín, bó o bá lè yìn ín!"

Gbàù! Ó kọ́kọ́ yìn tiẹ̀, ọta fẹ́ fìlà Gàfárù lọ. Gàfárù dá a lóhùn. Gbò! Ayẹta wà lápá, itan lọta bá wọlé.

"Yé! Ìyá mi o!"

Ẹ̀fúùfù ṣubú lulẹ̀ gbì! Bí àwọn tó kù ṣe rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ju ohun ọwọ́ wọn sílẹ̀. Ni Olúwadọ̀tun bá ń kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí wọn lọ́wọ́.

Fóònù sì ń dún lápò Tósìn. Gàfárù yọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

"Tósìn, ẹ jáde kíá. Mo ti dá ọmọ tó ń lé yín padà, àmọ́ olórí kunkun ni, ó ń bá mi jiyàn. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́mọge ẹlẹ́yin yẹn padà sílé o. Ó ti mojú yín."

Kifayah gbọ́ ọ. Ó mú ẹnu dání.

Gàfárù gbàdúrà nínú ara rẹ̀ pé kó jẹ́ ohùn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í ṣi ohùn bàbá rẹ̀ gbọ́.

"Ọ̀gá," ó ní, "Gàfárù ni."

Hezekiah rẹ ohùn sílẹ̀.

"Gàfárù... ọmọ mi. Fara balẹ̀. Ta ló rí wa? Jẹ́ kí wọ́n máa lọ, tìrẹ náà wà níbẹ̀, mo búra."

Omijé bo Gàfárù lójú, kò nù ún. Ó yọ rédíò láyà, ó tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ó gbé fóònù náà sí i lẹ́nu. Gbogbo mọ́tò ọlọ́pàá láti Ẹgbẹ́dá dé Olódò ń gbọ́, oríléeṣẹ́ náà ń gbọ́.

"Ẹ máa wí, Bàbá. Mò ń gbọ́ yín."

Hezekiah bá ń wí lọ.