Obìnrin Orí Bẹ́ẹ̀dì Kẹsàn-án

Ọjọ́ tí aránṣọ gbé kọ́tìnì tuntun lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn tí òtútù àyà ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, ó rí ọkùnrin gíga kan tó gbọ́wọ́ lé àyà arúgbó kan, tí ètè rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Aránṣọ rò pé àdúrà ló ń gbà. Ló bá ṣe àmín.

Nọ́ọ̀sì ni ọkùnrin náà. Ó gbójú sókè lára aago ọwọ́ rẹ̀. "Èémí ni mò ń kà. Àmín yín ti dà á rú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ẹ má bínú. Àmín kì í ṣòfò ṣá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, òrùka rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ aránṣọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: òjòwú ni obìnrin yìí. Bí olólùfẹ́ rẹ̀ bá yin ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, inú rẹ̀ kì í dùn tán.

Lọ́dún náà, wọ́n ń dán oògùn tuntun wò ní wọ́ọ̀dù, bóyá yóò tún ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ ṣe. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi ń pe àwọn tó gbà láti kópa. Nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ dárúkọ wọn níta. Ló bá di pé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún aránṣọ kò ju pé Kẹsàn-án jókòó fúnra rẹ̀ lónìí, Kẹsàn-án rẹ́rìn-ín lánàá.

"Kí lorúkọ Kẹsàn-án?"

"Adúmáradán mi, mi ò lè sọ."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Obìnrin ni."

Abẹ́rẹ́ gún aránṣọ níka. Ó nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń ránṣọ lọ.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan nítorí Kẹsàn-án, aránṣọ bọ́ òrùka, ó dì í sínú ègé aṣọ, ó kọrí sí wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án gangan. Bó bá bá ohun tó rò níbẹ̀, yóò dá òrùka padà.

Obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án náà rẹwà, kò ṣeé jiyàn. Owú ru bo aránṣọ lójú. Kó tó lanu, aláìsàn náà ti yọ ike afẹ́fẹ́ kúrò nímú.

"Ẹ̀yin ni ìyàwó nọ́ọ̀sì wa, àbí?" Ó sinmi, ó mí. "Ìdajì wa ń gba oògùn, ìdajì ń gba omi iyọ̀ lásán. Ó dájú pé ó ti sọ tèmi fún yín. Ẹ̀yin ló fẹ́ràn. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni wọ́n ń fún mi?"

Ìjà tí aránṣọ gbé wá kú sí i lẹ́nu. Òun tó wá jowú Kẹsàn-án, Kẹsàn-án ló tún ń jowú rẹ̀ pé ó mọ àṣírí.

Ó bá nọ́ọ̀sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Kí ló wà nínú ìgò Kẹsàn-án?"

"Mi ò mọ̀. Apòògùn nìkan ló mọ̀."

"O ò mọ̀, o sì ń jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú?"

"Bí mo bá mọ̀, mi ò ní lè ka èémí rẹ̀ bó ṣe rí mọ́. Ohun tí ọkàn mi ti gbà ni màá máa rí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ aránṣọ lára. Láti oṣù méjì, ohun tí ọkàn òun náà ti gbà ló ń rí. Ojú tì í.

Nọ́ọ̀sì ti rí ìka rẹ̀ tó ṣófo. "Òrùka dà?"

Aránṣọ tú ègé aṣọ náà. "Mo fẹ́ dá a padà ni. Mo ti ṣì ọ́ rò. Bá mi fi sí i padà."

Ó fi sí i lórí ìka tí abẹ́rẹ́ gún. Ó wá gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn, ó wo aago. "Èémí rẹ yára jù."

"Ìwọ lo fà á. Ká ṣègbéyàwó kí oṣù yìí tó parí." Aránṣọ bojú wo inú wọ́ọ̀dù. "Bí ara Kẹsàn-án bá yá, kó wá. Èmi ni màá rán aṣọ tó máa wọ̀."

"O ṣé, ìfẹ́ mi."

"Màá rán an kó fẹ̀ bí àpò."