Kì Í Ṣe Ojú Ni Ó Ń Dun Sonaullah

"Pupa méjì. Àwọ̀ ewé mẹ́ta. Funfun kan."

Sonaullah ń ka ìwé àmì, ìwé tí a kọ àwọ̀ òwú ìlà kọ̀ọ̀kan sí. Khazir, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó lórí àga òfì, ń ti àwọn igi kéékèèké tí a wé òwú mọ́ bọ inú aṣọ, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Báyìí ni wọ́n ti ń hun ìborùn ní abúlé wọn ní Kashmir láti ayé baba wọn: ẹnì kan a máa kà, èkejì a máa hun, títí oṣù mẹ́rìndínlógún yóò fi pé.

Khazir dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fo ìlà kan o. Láti ìjẹta."

"Èmi kọ́."

"Ẹ wo òdòdó yìí. Ìdajì rẹ̀ ń wo ọ̀tún, ìdajì kejì ń bá a jà."

Sonaullah wò ó, kò sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé láàárín oṣù kan. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ tú u, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí òwú irun ewúrẹ́ náà fẹ́lẹ́. Bí a bá fi ìkánjú fà á, yóò já.

Ọ̀gá Qadir tó ni òfì náà gbọ́, ó sì wọlé. "Sonaullah, ogún ọdún ni mo ti mọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò jókòó síbẹ̀."

Sonaullah tẹrí ba. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti mọ ohun tó ń ṣe é: ojú rẹ̀ ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú baba rẹ̀ ṣe lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun mìíràn tún wà tí kò sọ. Ní ìgbà ìkórè ápù, ìjì ṣí ìdajì òrùlé ilé rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ arúgbó ti kúrò ní yàrá rẹ̀, ilẹ̀ ilé ìdáná ló ń sùn sí, ó ń húkọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí ogójì ọjọ́ tí òtútù máa ń mú jù lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀. Páànù méjìlélógún ni yóò bo ilé náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá gé ìborùn kúrò lórí òfì ni wọ́n ń sanwó, bí àṣà wọn ṣe rí, ọjọ́ náà sì ku oṣù méje.

Ní Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì Tasleema dé, ẹni tó máa ń wá yẹ ojú àwọn ahunṣọ wò. Haneefa, ìyàwó Sonaullah, ló lé ọkọ rẹ̀ jáde. "Bàbá Rubaiya, ẹ lọ. Ẹni tó bá fi àrùn pamọ́, àrùn náà ni yóò fi í hàn."

Tasleema gbé káàdì ojú kọ́ sára ògiri. Sonaullah kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹyin èèrà.

Tasleema fún un ní ìwé àmì. Sonaullah ka ìlà mẹ́ta láìṣe àṣìṣe. Ní ìlà kẹrin, afẹ́fẹ́ kọlu fèrèsé, Sonaullah sì dákẹ́.

"Bàbá, ẹ kò rí i mọ́ ni?"

"Mo rí i."

"Kí ni ẹ wá ń rò?"

"Páànù ni, ọmọ mi. Mo ń ka páànù. Mo ń gbọ́ ikọ́ ìyá mi."

Tasleema fa àga sún mọ́ ọn. "Ojú yín dára ju tèmi lọ. Ẹ gbọ́. Ọkàn ènìyàn dà bí àga òfì, ó ní iye èrò tó lè gbà. Bí àìní bá wá jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ á dìde fún un. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ọ̀pọ̀lọ tó dàrú. Bó ṣe ń ṣe gbogbo wa nìyẹn. Ṣé ẹ ti sọ fún ọ̀gá yín?"

"Kí n ní kí ni? Pé èmi tí mò ń ba iṣẹ́ jẹ́ tún wá tọrọ owó?"

"Ẹ kò tọrọ. Iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án yín wà lórí òfì."

Wọ́n jọ lọ. Qadir gbọ́ tán, ó mi orí. "Bí mo bá sanwó fún ẹni tí kò tíì parí iṣẹ́, oorun ni yóò lọ sùn."

"Ọ̀gá," ni Khazir wí láti ìdí òfì, "nínú ilé tí kò ní òrùlé, ta ni yóò rí oorun sùn?"

Tasleema béèrè pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi tú aṣọ lóṣù yẹn.

"Mẹ́tàlá," ni Khazir dáhùn.

Qadir ṣírò ohun tí ọjọ́ mẹ́tàlá náà ti ná òun, ó sì lọ sí ìdí òfì. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wọn ìborùn náà ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó san ìdajì owó ohun tí wọ́n ti hun fún àwọn méjèèjì, ó ní òun yóò máa wọ̀n ọ́n, òun yóò sì máa sanwó lóṣooṣù.

Àwọn aládùúgbò ló bá Sonaullah kan páànù náà. Ìyá padà sí yàrá rẹ̀ kí yìnyín tó bọ́. Láti ọjọ́ náà títí oṣù fi parí, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n tú, Khazir ló sì jẹ̀bi rẹ̀.

Ìyá kú láàárín òtútù náà, lórí ibùsùn ara rẹ̀, níbi gbígbẹ. Nígbà tí Sonaullah padà sí ìdí òfì, kò fọwọ́ kan ìwé àmì. "Ọ̀gá," ó wí, "ìyá mi ló gba ọkàn mi. Ẹ jẹ́ kí Khazir kà lónìí. Èmi á máa hun." Qadir gbé ìwé àmì náà fún Khazir.

Ìwọ òṣìṣẹ́, bí àṣìṣe bá ń pọ̀ lọ́wọ́ rẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lọ yẹ ara rẹ wò, ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ọkàn rẹ pẹ̀lú ohun tó ń gbé. Sọ ọ́ jáde kí iṣẹ́ tó bàjẹ́. Ní ọjọ́ tí àìní bá wúwo jù, má ṣe tẹ̀ka sí ìwé ẹ̀yáwó kankan, nítorí ọkàn tí àìní kún kì í tètè rí àṣìṣe. Bẹ ẹnìkan kí ó bá ọ tún iṣẹ́ rẹ wò.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má ṣe dá owó iṣẹ́ tí a ti ṣe dúró títí òpin. Ẹ san án ní díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ó ṣì lè bo ilé. Owó tí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ fún kì í ṣe ọrẹ àánú.