Ṣíbí Méjì Oògùn Ikọ́

"Gbé e mì díẹ̀, Hasanat. Omi tútù lásán ni."

Hasanat mi orí. Ọmọ ọdún márùn-ún náà fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ara rẹ̀ mú, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé ẹ̀rù àtigbé e mì ń bà á. Muhsinah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbé ife náà kalẹ̀. Ó wo ìwé Báọ́lọ́jì tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Aago méjìlá kù díẹ̀, ẹkún yìí kò sì jẹ́ kó ka nǹkan kan fún bíi wákàtí kan.

Ọjọ́ karùn-ún rèé tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Hasanat ní Ìbàdàn. Ẹran méjì tó wà lẹ́yìn ọ̀fun rẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní tọ́ńsìlì, ti wú débi pé bó bá ti sùn, á máa hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Nígbà mìíràn èémí rẹ̀ á dákẹ́ lójijì, ìyá wọn á sì fò dìde láti jí i. Wọ́n gé ẹran náà kúrò ní ọjọ́ Túsìdeè. Nígbà tó di Wẹ́sìdeè, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí abúlé wọn lẹ́yìn Akanran, pẹ̀lú oògùn olómi méjì àti ìwé pélébé kan tí nọ́ọ̀sì kọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yìí, kí ìyá wọn tó jáde, ó ti pe Muhsinah jókòó.

"Ẹ̀gẹ́ tí a dì ti pé ọjọ́ mẹ́rin. Bí mi ò bá lọ yan gààrí yẹn lónìí, ó bàjẹ́ nìyẹn. Bàbá yín wà lóko, ìwọ ni mo fi Hasanat sílẹ̀ fún. Fún un ní pàrá, oògùn ìrora yẹn, ní aago mẹ́wàá, kó o fún un ní oògùn kejì ní aago kan. Má dúró kó sunkún kó o tó fún un. Bó bá ń sùn, jí i. Nọ́ọ̀sì sì ní a kò gbọdọ̀ fún un ní oògùn mìíràn, pàápàá oògùn ikọ́ àti ohunkóhun tó ń mú ni sùn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màámi."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí aago mẹ́wàá lù, Hasanat ń ṣeré jẹ́ẹ́jẹ́ lórí ẹní, kò sunkún, kò sọ pé nǹkan kan ń dun òun. Ìdánwò WAEC sì ti wọlé dé, ọjọ́ Mọ́ńdè ni Báọ́lọ́jì. "Jẹ́ kí n parí ojú ewé yìí ná," ni Muhsinah ń wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ojú ewé kan di mẹ́rin. Aago mọ́kànlá ti kọjá kí ìrora tó jí, nígbà tó sì jí, tìbínú-tìbínú ló jí. Muhsinah sáré bu pàrá, àmọ́ ọ̀fun ọmọ ti di egbò tí a ń fi ata kùn. Ó tu gbogbo rẹ̀ sára aṣọ.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Marvellous, ọ̀rẹ́ Muhsinah nílé-ẹ̀kọ́, fi wọlé.

"O ò tíì múra? Aago méjì ni tíṣà ní ká wá ṣe àtúnyẹ̀wò."

"Ṣé o ò rí ẹni tó wà níwájú mi ni?"

Marvellous wo Hasanat, àánú ṣe é. Ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó fa ìgò kékeré kan yọ. "Oògùn ikọ́ àbúrò mi rèé. Ìyá mi ní kí n gbà á bọ̀ lọ́wọ́ àǹtí wa. Fún un ní ṣíbí kan péré, á sùn fọnfọn, kò ní mọ̀ pé ọ̀fun ń dun òun."

"Nọ́ọ̀sì ní ká má fún un ní oògùn ikọ́."

"Ṣé kó máa jẹ̀rora báyìí ló dáa? Àánú rẹ̀ ni kó o ṣe o, Muhsinah."

Àánú. Ọ̀rọ̀ náà wọ Muhsinah létí, ó sì dùn ún gbọ́. Síbẹ̀ ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kì í ṣe àánú nìkan. Ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀, àkókò ń lọ. Ó gba ìgò, ó sáré ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó bu ṣíbí kan. Oògùn náà dùn, Hasanat gbé e mì. Nígbà tó ṣì ń ké díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, Muhsinah bu ìkejì.

Kò pẹ́ tí ilé fi pa rọ́rọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jókòó ti ìwé wọn, ọkàn Muhsinah sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó rántí oògùn kejì.

"Ọmọ tó ń sùn lo fẹ́ jí?" ni Marvellous bi í. "Jẹ́ ká máa lọ jàre."

Muhsinah fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ti aago mẹ́wàá tó fi ṣeré ṣì ń dùn ún. Ó wọ yàrá lọ, ó fọwọ́ kan Hasanat léjìká. "Hasanat. Hasanat, dìde lo oògùn."

Ọmọ kò mira. Ó mì í. Orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí orí bèbí. Muhsinah tẹ́tí sí imú rẹ̀: èémí kan jáde, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan, kí òmíràn tó tún wá, tín-ínrín. Ètè rẹ̀ dúdú bí ẹni pé wọ́n fi aró kùn ún.

"Yéè! Ẹ gbà mí o!"

Bàbá Tèmídayọ̀, aládùúgbò wọn, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù, ń tún ọ̀kadà rẹ̀ ṣe lójúde. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Gbé e, gun ẹ̀yìn mi," ó sì tan ọ̀kadà náà. Bí Muhsinah ṣe ń gbé ọmọ jókòó, Marvellous sá tẹ̀ lé e, ó sọ ọ́ sí i létí: "Má dárúkọ oògùn yẹn o. Ìjọba ti fòfin dè é. Wọ́n á mú wa."

Ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lójú ọ̀nà, Nọ́ọ̀sì Gbọ́njúbọ́lá gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbọ́ ti iṣẹ́ abẹ ọ̀fun, ó yára béèrè: "Kí lẹ fún un lónìí?"

"Oògùn tí wọ́n kọ fún wa nìkan ni, Mà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Nọ́ọ̀sì tan iná sí ẹnu ọmọ. "Bóyá ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sọ́fun rẹ̀," ló ń sọ fún ara rẹ̀, ó ń wá ẹ̀jẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ìṣẹ́jú ń lọ. Muhsinah wo àyà àbúrò rẹ̀ tí kò fẹ́ gbéra mọ́, ó sì rí i kedere pé irọ́ òun ti mú obìnrin yìí gba ọ̀nà tí kò ní í gba ọmọ là.

"Irọ́ ni mo pa, Mà!" Ó wólẹ̀ gbọnrangandan. "Mo fún un ní oògùn ikọ́. Ṣíbí méjì. Wọ́n kọ kodíìnì sára ìgò rẹ̀. Kò tíì pé wákàtí méjì."

Nọ́ọ̀sì kò bú u. Ó fa ìbomú kan yọ tó ní rọ́bà rògòdò lẹ́yìn, ó fi bo ọmọ nímú àti lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún rọ́bà náà kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Ó kígbe pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó pe ọkọ̀, kó sì fi fóònù ta ọsibítù ńlá lólobó. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí rọ́bà náà títí wọ́n fi dé ọsibítù ńlá ní Ìbàdàn, níbi tí Dókítà Oyèkúnlé ti dúró dè wọ́n pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń gba agbára lọ́wọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà ni Hasanat fa èémí gígùn. Ó lajú, ó sì figbe ta. Muhsinah fẹ́ sáré lọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, dókítà dá a dúró.

"Jẹ́ kó sunkún ná. Ọmọ tó ń sunkún ń mí."

Ìrọ̀lẹ́ ni ìyá wọn dé ọsibítù, èéfín gààrí ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Muhsinah kúnlẹ̀, ó rò ó láti orí aago mẹ́wàá tó fi falẹ̀ títí dórí irọ́ tó pa. Kò di ẹrù náà lé Marvellous lórí. "Ọwọ́ mi ni mo fi bù ú, Màámi." Ìyá rẹ̀ kọjá lára rẹ̀ lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì Hasanat. Ìyẹn dùn ún ju ẹgba lọ.

Dókítà ṣàlàyé fún wọn pé nínú ara àwọn ọmọ kan, kodíìnì tètè ń yí padà di ohun tó le, tó ń sọ fún ọpọlọ pé kó gbàgbé láti mí. Ọmọ tó ti ń hanrun, tí wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ sí lọ́fun, wà nínú ewu ju àwọn yòókù lọ. "Pàrá àti ìkejì rẹ̀ tó," ló wí, "bí a bá ń fún un lásìkò, tí a kò jẹ́ kí ìrora kọ́kọ́ gbilẹ̀."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi dá Hasanat dúró. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìyá Marvellous gbé ìgò náà wá fún Nọ́ọ̀sì Gbọ́njúbọ́lá, ẹ̀rù ń bà á, torí irú oògùn yẹn ló ti ń bù fún ọmọ rẹ̀ kékeré. Marvellous kò bá Muhsinah sọ̀rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Muhsinah ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó sì mọ̀ pé òun kò ṣe é dáadáa.

Nígbà tí wọ́n padà délé, ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Ìyá rẹ̀ fà á dìde. "Mo ti forí jì ọ́ láti ọsibítù. Alhamdulillahi, ọmọ mi wà láàyè, torí pé o sọ òótọ́ kó tó pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè fi í sílẹ̀ fún ọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn, ìwọ fúnra rẹ ni wàá fi ìwà gbà á padà lọ́wọ́ mi."

Muhsinah ní, "Ẹ ṣeun, Mà," ó sì gbà pé ó tọ́. Ó ti rí i fúnra rẹ̀ pé ẹni tó fẹ́ràn aláìsàn kì í wá ọ̀nà àbùjá sí ìtọ́jú rẹ̀, àti pé oògùn tó pa ẹkún ọmọ lẹ́nu lè pa ọmọ náà. Ó sì rí i pé òótọ́ tí a bá tètè sọ, bó ti wù kó tini lójú tó, ṣì lè gba ẹ̀mí là.