Abẹ́rẹ́ Kẹwàá

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bá Ìyá Télọ̀ nílé. Tìmùtìmù kékeré tó ń gún abẹ́rẹ́ sí ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀.

Nígbà tí ojú Ìyá Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, ló gba iṣẹ́ òwú ṣe. Kó tó lọ sílé ìwé, á gun àga gíga, á máa fi gìgísẹ̀ gbá ẹsẹ̀ àga náà, kò, kò, kò. Á fi ẹnu rin orí òwú, á tì í bọ ojú abẹ́rẹ́, á sì ta ìdí rẹ̀ ní kókó méjì.

"Kí ni kókó kejì wà fún?"

"Màmá, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ dá gbogbo iṣẹ́ ṣe. Ìrẹ́jẹ nìyẹn."

"Ìyá adájọ́!"

Abẹ́rẹ́ mẹ́wàá ni. Ọmọ náà á ṣe mẹ́sàn-án. Ìkẹwàá, ìpín ìyá àgbà ni, bó tilẹ̀ gbà á ní gbogbo àárọ̀.

"Kékeré labẹ́rẹ́!" nìyá àgbà máa ń fi kí i.

"Kì í ṣe mímì fún adìẹ!" lọmọ á dáhùn.

Nígbà tó yá, bàbá ọmọ náà ríṣẹ́ sí ìlú òkèèrè. Wọ́n kó lọ. Ilé dákẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, bọ́tìnnì ogún aṣọ ilé ìwé ló kù ní rírán. Ọ̀gá ilé ìwé ń bọ̀ wá kó wọn nírọ̀lẹ́. Ìyá Télọ̀ ti ń bá òwú jà láti àárọ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, bàbá ọmọ náà, sì ti kìlọ̀ lórí fóònù:

"Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, Màmá, màá wá mú yín. A ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn."

"Èmi ni kí o kọ́kọ́ tà."

Ó gbórí lé tábìlì. Oorun gbé e lọ.

Kò, kò, kò.

Ó gbórí sókè. Ìró náà dá. Àga gíga ṣófo. Ilẹ̀kùn wà ní títì láti inú.

Òwú ti wà lójú abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án. Ó fọwọ́ tọ́ ìdí wọn wò. Kókó méjì, méjì. Lára ìkẹsàn-án, ẹ̀jẹ̀ bíńtín wà. Kò tíì gbẹ.

Ó pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lórí fóònù.

"Ọmọ mi dà?"

"Ó sùn, Màmá. Ó tó wákàtí kan. Ẹ dúró, ó ti jí. Háà! Kí ló gún un níka?"

Lẹ́yìn náà, ohùn ọmọ náà, tó kún fún oorun:

"Màmá, mo ti ṣe tèmi. Ó ku tiyín."

Ìyá Télọ̀ mú abẹ́rẹ́ kẹwàá. Orí òwú rẹ̀ ti rin. Kì í ṣe òun ló rin ín. Ó tì í lẹ́ẹ̀kan. Òwú wọlé.

Ọ̀gá ilé ìwé bá ogún aṣọ ní píparí.

Nígbà tó lọ tán, ìyá àgbà kó abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án sínú àpótí, ó tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí aṣọ rẹ̀. Ọ̀kan péré ló fi sílẹ̀. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

"O ṣeun, ọmọ mi," ló sọ sínú yàrá tó ṣófo. "Mi ò ní jẹ́ kó gún ọ mọ́. Kékeré labẹ́rẹ́."

Ó fetí sílẹ̀ fún èsì.

Lọ́dọ̀ àga gíga, nǹkan kan gbá igi. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni, bíi kókó ìdí òwú.